Olùwádìí, Olùkọ́ àti Ìwà Ọmọ: Ìtàn Àjọṣe Ìlú Mẹ́ta

Ìbéèrè tí ètò ti òní dá lé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró níwájú àwọn ọmọ ilé-ìwé rí. Bí ariwo bá gba kíláàsì kan, tí àwọn ọmọ kò jókòó sí ààyè wọn, tí ẹ̀kọ́ kò sì lè tẹ̀ síwájú, ta ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe? Àwọn kan yóò ní olùkọ́ ni, nítorí pé òun ni ó ń wà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àwọn mìíràn yóò ní ọ̀mọ̀wé yunifásítì ni, nítorí pé òun ni ó ti wádìí ọ̀rọ̀ ìwà ẹ̀dá jinlẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí ti dáhùn apá kan nínú ìbéèrè náà. Apá tí ó kù ni bí ọwọ́ méjèèjì yóò ṣe ṣiṣẹ́ pọ̀ tí ọ̀kan kò fi ní í máa lo èkejì bí irinṣẹ́ lásán. Ìtàn ìlú mẹ́ta ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1963 wá, fi hàn pé apá kejì yìí gan-an ni ó ṣòro jù.

Ìlú àkọ́kọ́ ni Chicago. Ní gúúsù ìlú náà ni àdúgbò Woodlawn wà, ibi tí ó jẹ́ pé àwọn ènìyàn dúdú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọdún 1960 bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò yìí fẹ̀gbẹ́ kan Yunifásítì Chicago, ṣùgbọ́n ìsúnmọ́ra yìí kò bí ìfẹ́. Yunifásítì ń fẹ́ ilẹ̀ sí i, àwọn ará Woodlawn sì ń bẹ̀rù pé a óò lé wọn kúrò nínú ilé wọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Woodlawn Organization, àlùfáà Arthur Brazier sì wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà bá yunifásítì fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ó sì bá àwọn aláṣẹ ilé-ìwé fa ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, nítorí pé àwọn ọmọ dúdú pọ̀ jù fún ilé-ìwé tí a fún wọn, débi pé àwọn kan ń wá ní àárọ̀, àwọn mìíràn sì ń wá ní ọ̀sán.

Àárín irú ìjà bẹ́ẹ̀ ni oníṣègùn ọpọlọ kan, Sheppard Kellam, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ní ọdún 1963, nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan sí Woodlawn. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọ àdúgbò náà, ilẹ̀kùn títì ni wọn ìbá bá. Ṣùgbọ́n a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Wọ́n tọ àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà ní àdúgbò lọ, wọ́n sì jọ gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ jókòó nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ní agbára láti béèrè ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, láti sọ ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti láti kọ ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà fì sí ni àwọn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Àwọn òbí tí ó ti ń bá ìjọba jà nítorí ilé-ìwé mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ọmọ wọn ti ń là tàbí tí ó ti ń dí.

Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń wo gbogbo ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ní ilé-ìwé 12 tí ó wà ní Woodlawn, ti ìjọba àti ti ìjọ Àgùdà. Olùkọ́ ni ẹlẹ́rìí pàtàkì. A bi í léèrè nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan: ṣé ó ń tẹ̀ lé ìlànà, ṣé ó ń jà, ṣé ó ń tijú jù, ṣé ó ń gbájú mọ́ iṣẹ́, ṣé ẹ̀kọ́ ń yé e? Àwọn ọmọ 1,242 tí ó wà ní kíláàsì kìn-ín-ní ní ọdún 1966 sí 1967 ni a tẹ̀ lé jù lọ. Ní ọdún 1975 sí 1976, nígbà tí wọ́n di ọ̀dọ́langba, ìgbìmọ̀ àdúgbò tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà kí àwọn olùwádìí tó padà lọ bá wọn. Wọ́n rí ìyá tàbí alágbàtọ́ 939 bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì rí 705 nínú àwọn ọ̀dọ́ náà fúnra wọn.

Ohun tí wọ́n rí yẹ kí ó da olùkọ́ kíláàsì kìn-ín-ní láàmú, ó sì yẹ kí ó fún un ní ìrètí. Àwọn ọmọkùnrin tí olùkọ́ wọn ti sọ ní ọmọ ọdún mẹ́fà pé wọ́n ń jà, tí wọ́n sì ń da kíláàsì rú, ni ó ṣeé ṣe jù pé kí wọ́n máa lo oògùn olóró, kí wọ́n sì máa ṣe jàgídíjàgan ní ọ̀dọ́. Ojú olùkọ́ ti rí i ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Àwọn àgbà ti sọ pé àti kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò, bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ohun tí ìwádìí Woodlawn fi kún òwe yìí ni pé ó tọ́ka sí ọjọ́ orí náà gan-an, ó sì tọ́ka sí ẹni tí ó dúró nídìí igi náà.

Ṣùgbọ́n mímọ ibi tí ọ̀nà ti yà kò tíì jẹ́ títún ọ̀nà ṣe. Kí ni olùkọ́ yóò ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, níwájú àwọn ọmọ tí kò jókòó? Ìlú kékeré kan tí ó jìnnà sí Chicago ni ìdáhùn tí ó lágbára jù ti jáde, ọwọ́ olùkọ́ ni ó sì ti wá.

Baldwin City ni ìlú náà, ní ìpínlẹ̀ Kansas, kò jìnnà sí Yunifásítì Kansas tí ó wà ní Lawrence. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ ń wádìí bí ohun tí ó bá tẹ̀ lé ìwà ṣe ń mú kí ìwà náà pọ̀ sí i tàbí kí ó dín kù. Ọ̀kan nínú wọn, Montrose Wolf, ni olóòtú àkọ́kọ́ fún ìwé àtìgbàdégbà Journal of Applied Behavior Analysis tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968. Ní ọdún 1967, Muriel Saunders ń kọ́ ọmọ 24 ní kíláàsì kẹrin ní Baldwin City. Méje nínú wọn ni a ti rán lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìwàkíwà. Rírán tí a ń rán wọn kò yí nǹkan padà.

Saunders, Wolf àti Harriet Barrish gbé eré kan kalẹ̀, tí a lè pè ní Eré Ìwà Rere. Olùkọ́ pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ méjì. Ó ṣàlàyé ìlànà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dìde láìgba àyè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ láìgba àyè. Bí ọmọ kan bá rú ìlànà, olùkọ́ á fa àmì kan sí abẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lára pátákó ìkọ̀wé, láìsí ariwo, láìsí èébú. Ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ bá kéré jù ni ó borí, ṣùgbọ́n bí àmì ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá ju márùn-ún lọ, méjèèjì ni ó borí. Èrè wọn kò náni lówó: káàdì tí a fi kọ́ àyà, ìràwọ̀ lára ìwé, títò síwájú lọ jẹun ọ̀sán, àti ààbọ̀ wákàtí ní òpin ọjọ́ láti ṣe iṣẹ́ tí ó bá wù wọ́n.

Àwọn olùwòye jókòó sínú kíláàsì, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìṣẹ́jú 100, bí 96 ni ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ láìgba àyè nínú rẹ̀, bí 82 ni ẹnì kan sì ń fi ìjókòó sílẹ̀. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ti ọ̀rọ̀ sísọ wálẹ̀ sí bí 19, ti ìjókòó sì wálẹ̀ sí bí 9. Nígbà tí a dá eré náà dúró ní àkókò ìṣírò láti dán an wò, ariwo padà. Nígbà tí a dá a padà, ìdákẹ́jẹ́ dé. Ní ọdún 1969 ni wọ́n tẹ àbájáde yìí jáde, orúkọ olùkọ́ sì wà láàárín orúkọ àwọn tí ó kọ ọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì yẹn tí ó yẹ kí a rántí ju iye àmì lọ. Ọmọ kan dìde, ó kéde pé òun kò ṣe eré náà mọ́. Àmì rẹ̀ sì ń pa ẹgbẹ́ rẹ̀ lára. Olùkọ́ àti àwọn ọmọ gbà pé kò bójú mu kí a fi ọ̀ràn ẹnì kan fìyà jẹ gbogbo ẹgbẹ́, nítorí náà wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀, kí àmì rẹ̀ máa jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Inú ìwé ìlànà ìwádìí kọ́ ni ọgbọ́n yìí ti wá. Kíláàsì ni ó dá a. Bí olùwádìí bá kọ̀ jálẹ̀ pé ètò òun kò gbọdọ̀ yẹ̀, eré náà ìbá di ìnira lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Títí di òní ni àwọn kan ń béèrè bóyá ó tọ́ kí ọmọ rere máa ru ẹrù ọmọ aláìgbọràn. Ìbéèrè pàtàkì ni, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin yẹn ni ó sì kọ́kọ́ bi í.

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ bí èyí kò fi Wolf lọ́kàn sílẹ̀. Ní ọdún 1978 ó kọ ìwé kan nínú èyí tí ó ti rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kíka iye ìgbà tí ìwà kan ṣẹlẹ̀ kò tó. Ó ní ó yẹ kí a bi àwọn tí iṣẹ́ náà kàn léèrè bóyá ohun tí à ń lépa ṣe pàtàkì sí wọn, bóyá ọ̀nà tí à ń gbà tẹ́ wọn lọ́rùn, àti bóyá àbájáde rẹ̀ ṣe wọ́n láǹfààní. Èyí kò jìnnà sí ohun tí ìgbìmọ̀ Woodlawn ti ń béèrè láti ọdún 1963.

Ìlú kẹta, Baltimore, ni omi odò méjèèjì ti pàdé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Kellam kó lọ sí Yunifásítì Johns Hopkins tí ó wà níbẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìkìlọ̀ tí Woodlawn ti ṣe lè di ìwòsàn: bí a bá mú ìjà àti ìdàrúdàpọ̀ kúrò ní kíláàsì kìn-ín-ní, ṣé ọjọ́ iwájú ọmọ yóò yí padà? Ó mú Eré Ìwà Rere lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Alice Pinderhughes, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ìjọba ìlú náà, ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn wà.

Ohun tí ilé-ìwé ń wá yàtọ̀ sí ohun tí oníṣègùn ń wá. Oníṣègùn ń wo ìwà, ilé-ìwé ń wo ìwé kíkà àti ìṣírò. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà, nítorí náà wọ́n jókòó, wọ́n sì fi ọ̀ràn tọ̀túntòsì sínú ètò kan náà. Ní àwọn ilé-ìwé kan, a óò ṣe eré náà. Ní àwọn mìíràn, a óò lo ìlànà ẹ̀kọ́ tí Benjamin Bloom ti Chicago là sílẹ̀, nínú èyí tí olùkọ́ kò ní í kúrò lórí ẹ̀kọ́ kan títí ọ̀pọ̀ jù nínú kíláàsì yóò fi mọ̀ ọ́n. Àwọn yòókù yóò máa bá iṣẹ́ wọn lọ bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí a lè fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. Kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́, gègé ni a ṣẹ́ láti mọ ilé-ìwé tí yóò gba èwo, kíláàsì tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò wà, àti olùkọ́ tí yóò ṣe é.

Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1985 sí 1986, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé 19, nínú kíláàsì kìn-ín-ní 41, pẹ̀lú ọmọ tí ó lé ní 1,100. A kọ́ àwọn olùkọ́ ní eré náà fún bí wákàtí 40, a sì ń bẹ̀ wọ́n wò ní kíláàsì lẹ́yìn náà. Olùkọ́ da àwọn ọmọ pọ̀ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí oníjà, onítìjú àti ọlọ́gbọ́n lè wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ kò bá ju mẹ́rin lọ ni ó borí. Ìṣẹ́jú 10 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń fa àkókò náà gùn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó yá, olùkọ́ kì í kéde mọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, èrè kì í sì í yá bí ti tẹ́lẹ̀, kí ìwà rere lè di bárakú àwọn ọmọ kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí ohunkóhun.

Láàárín ọdún àkọ́kọ́ ni ìjà ti dín kù ní àwọn kíláàsì náà. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kò kó ẹrù wọn lọ. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọmọ náà títí wọ́n fi pé ọdún 19 sí 21. Àbájáde tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 fi hàn pé àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ṣe eré yẹn ní kíláàsì kìn-ín-ní àti ìkejì kò bọ́ sínú ìlòkulò oògùn olóró àti ọtí, sìgá mímu lójoojúmọ́ àti ìwà ọ̀daràn tó àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kò ṣe é. Àwọn tí wọ́n jẹ́ oníjà jù ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó rí àǹfààní náà jù. Ti àwọn ọmọbìnrin kò hàn tó bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn gan-an kì í sábà wọ irú ìṣòro wọ̀nyẹn tó àwọn ọkùnrin.

Ó rọrùn láti parí ìtàn náà síbẹ̀, kí a sì gbé oríyìn fún eré yẹn. Ṣùgbọ́n ọdún kejì wà. Ní ọdún 1986, ìsọ̀rí ọmọ mìíràn wọ kíláàsì kìn-ín-ní, ọwọ́ àwọn olùkọ́ tí ó ti mọ eré náà ni wọ́n sì bọ́ sí. Eré kan náà ni, ìlú kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ìrànlọ́wọ́ tí a ń ṣe fún àwọn olùkọ́ ti dín kù, ìbẹ̀wò kò rí bí ti ọdún àkọ́kọ́ mọ́, bí ẹni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà ní ọdún tí ó kọjá ti tó wọn lò títí ayé. Nígbà tí àwọn ọmọ ọdún kejì dàgbà, àǹfààní tí a rí lára wọn kéré sí ti àwọn tí ó ṣáájú wọn. Àwọn olùwádìí náà kò fi èyí pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àbájáde tí ó dára, wọ́n sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí àìdúró-ti-olùkọ́ wà lára ohun tí ó fà á.

Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní Baltimore ní ọdún 1993, ní ilé-ìwé 9 pẹ̀lú ọmọ 678, lábẹ́ ìdarí Nicholas Ialongo, wọ́n da eré náà pọ̀ mọ́ àtúnṣe ẹ̀kọ́ ìwé kíkà àti ìṣírò nínú kíláàsì kan ṣoṣo. Ní àwọn kíláàsì mìíràn, àjọṣe olùkọ́ àti òbí ni wọ́n gbájú mọ́. Ohun tí Woodlawn ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti padà wá, pé ilé àti ilé-ìwé kò ṣeé yà sọ́tọ̀ lára ọmọ kan náà.

Lẹ́yìn náà, eré yìí rékọjá òkun. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 2015 sí 2017, a dán an wò ní ilé-ìwé 77, láàárín àwọn ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ. Àbájáde tí ó jáde ní ọdún 2018 kò fi hàn pé ìwé kíkà tàbí ìwà àwọn ọmọ náà ní àpapọ̀ dára sí i. A sì rí i pé àwọn olùkọ́ kò ṣe eré náà tó bí a ti là á kalẹ̀. Àwọn ọmọ náà dàgbà ju ti Baltimore lọ, ilé-ìwé wọn sì yàtọ̀, nítorí náà a kò lè di gbogbo ẹrù náà lé olùkọ́ lórí. Síbẹ̀, ohun tí ọdún kejì ní Baltimore ti wí ni ó tún jẹ yọ. A lè kó ìlànà eré sínú àpótí, kí a fi ránṣẹ́. Ìfẹ́ tí olùkọ́ fi ń ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ mìíràn ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn, kò ṣeé kó sínú àpótí.

Bí a bá to ìtàn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ̀kọ́ wọn ṣe kedere. Ní Woodlawn, àwọn tí ó ni ọmọ ni ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó jẹ wọ́n lógún. Ní Baldwin City, olùkọ́ wà lára àwọn tí ó dá ọgbọ́n náà, a kò gbé e wá bá a. Ní Baltimore, ilé-ìwé àti yunifásítì kò díbọ́n pé ohun kan náà ni wọ́n ń wá, wọ́n fi àǹfààní ìhà méjèèjì sínú àdéhùn. Ibikíbi tí nǹkan wọ̀nyí bá ti wà, iṣẹ́ á so èso. Ibi tí wọ́n bá ti yẹ̀, eré kan náà a di ewé tí a já láìgbọ́ ọfọ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọ̀gá ilé-ìwé tí olùwádìí bá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ béèrè ju ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Kí ó béèrè ẹni tí yóò máa bẹ olùkọ́ wò ní ọdún kejì àti ní ọdún kẹta. Kí ó béèrè ìgbà tí àbájáde yóò padà sọ́dọ̀ àwọn òbí, àti èdè tí a óò fi sọ ọ́ fún wọn. Olùwádìí pẹ̀lú, kí ó mọ̀ pé iye ọmọ tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ kì í ṣe iye èso tí ó ká. Àwọn ọmọ tí ó wọ kíláàsì kìn-ín-ní ní Baltimore ní ọdún 1986 kò mọ̀ pé ìbẹ̀wò ti dín kù. Wọ́n jókòó sí ààyè wọn bí àwọn ti ọdún tí ó ṣáájú, wọ́n wo pátákó ìkọ̀wé, wọ́n sì dàgbà pẹ̀lú ohun tí a fún wọn.